Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Kẹ́míkà Lórúkọ

Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, nọ́ọ̀sì ni mí, Woolwich ni mò ń gbé, Yorùbá la sì ń sọ níbí, kódà bí ọ̀rọ̀ bá kan sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí London, tí ẹ máa ń sọ fún mi pé ẹ ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n ó máa ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ bí ọ̀rọ̀ bá jìn, ẹ fọkàn balẹ̀. A ó rọra rìn ín ni. Ọ̀rọ̀ orúkọ la fẹ́ sọ lónìí, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣàjèjì sí.

Orí pápá Woolwich Common ni mo wà báyìí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ẹ má wo ojú mi. Ẹ wo ilé ńlá tó wà lẹ́yìn mi yẹn, èyí tó dà bí ààfin, tó ní ilé-ìṣọ́ kékeré mẹ́rin ní igun rẹ̀. Fúláàtì ni wọ́n sọ ọ́ dà báyìí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1806 títí di 1939, Royal Military Academy ló wà níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di ọ̀gá láàárín àwọn sójà tó ń yin àgbá, àti àwọn ẹnjiníà ológun. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ló rí ohun kan tí orúkọ rẹ̀ ṣì fara pamọ́ sínú páálí oògùn yín nílé. Mo ti ń gba iwájú ilé yẹn kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n wádìí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Màmá Houston.

Màmá Houston ni ẹ̀gbọ́n màmá mi. Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wá kí wa, orókún sì ń dùn wọ́n. Wọ́n gbé ìgò oògùn ńlá kan bọ̀ láti ọ̀hún, wọ́n ń lo méjì ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nígbà tí orí tún ń fọ́ wọn, màmá mi fún wọn ní paracetamol ilé wa, àwọn náà tún ń lo méjì ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ọjọ́ kejì ni mo bá ìgò àti páálí náà lórí tábìlì. Mo ka ara ìgò Amẹ́ríkà: acetaminophen, 500 mílígíráàmù. Mo ka páálí tiwa: paracetamol, 500 mílígíráàmù. Àyà mi já.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má lo èyí mọ́. Oògùn kan náà ni." Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ti orókún nìyí, ti orí nìyẹn. Ṣé o ò rí i pé orúkọ wọn ò jọra ni?"

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Hóró 12 lóòjọ́, gíráàmù 6 nìyẹn. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 4 láàárín wákàtí 24. Ẹ̀dọ̀ ni paracetamol máa ń bàjẹ́ bó bá pọ̀ jù, kì í sì í pariwo. Ara ẹni lè yá gágá lónìí kí ẹ̀dọ̀ máa kú lọ. A gbé wọn lọ sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ẹ̀dọ̀ wọn ò tíì bàjẹ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú mọ́tò, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí wọ́n fi sọ oògùn kan ní orúkọ méjì? Ta ló ń sọ wọ́n lórúkọ gan-an?"

Ìdáhùn ìbéèrè Màmá Houston ni mo gbé wá lónìí. Ó sì gba iwájú ilé yìí kọjá.

Olùkọ́ tí mo ní lọ́kàn ni Michael Faraday. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe fisíìsì mọ orúkọ rẹ̀ nítorí iná mànàmáná. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ìhà Southwark níbí ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1791. Iṣẹ́ dídi ìwé ló kọ́, àwọn ìwé tó ń dì ló sì ń kà títí tí ó fi di onímọ̀. Láti ọdún 1830 títí di nǹkan bí 1851, ó ń wá sí Woolwich láti kọ́ àwọn ọmọ ológun ní kẹ́mísírì. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ yin àgbá gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀tù.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbí ló ti rí ohun tí mò ń sọ. Ọdún 1825 ni, ní Royal Institution, láàárín ìlú London. Láyé ọjọ́un, gáàsì ni wọ́n fi ń tan fìtílà ìlú. Ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń sun òróró ẹja títí tó fi ń di gáàsì, tó ń ki gáàsì náà mọ́ inú sílíńdà, tó sì ń gbé e kiri ojúlé, bí wọ́n ṣe ń gbé gáàsì ìdáná kiri ní Nàìjíríà lónìí. Bí wọ́n bá ti ń ki gáàsì náà mọ́lẹ̀, omi kan máa ń ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé omi náà fún Faraday. Ó sè é, ó yọ oríṣiríṣi nǹkan inú rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi yìnyín mú un tutù, ó sì rí ohun funfun kan tó ń dì bíi yìnyín ní ìwọ̀n òtútù tó lé ní 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Ohun tí à ń pè ní benzene lónìí nìyẹn.

Ọmọ dé, ó ku orúkọ. Ẹ wá wo wàhálà.

Faraday wọn kábọ̀nù àti háídrójìn tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ dára gan-an. Ó wá sọ ọ́ ní "bicarburet of hydrogen", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìpín kábọ̀nù méjì ló wà fún ìpín háídrójìn kan. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, òun àti ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé 6 ni ìwọ̀n átọ́ọ̀mù kábọ̀nù. Lónìí a mọ̀ pé 12 ni. Nítorí náà, níbi tó ti ka méjì, ọ̀kan ni. Kábọ̀nù 6, háídrójìn 6 ló wà nínú benzene, wọ́n dọ́gba. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò purọ́, kò sì ṣe àìbìkítà. Òṣùwọ̀n tí ayé fún un ni kò tọ́, orúkọ tó sọ ọmọ sì tipa bẹ́ẹ̀ ṣì í. Orúkọ náà ò pẹ́ láyé.

Ní ọdún 1833, ọ̀gbẹ́ni kan ní Berlin, Eilhard Mitscherlich, rí ohun kan náà gba ọ̀nà mìíràn. Inú benzoic acid ni tirẹ̀ ti jáde, oje igi olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń pè ní benzoin ni wọ́n sì ti ń rí acid náà. Mitscherlich wo ilé tí ọmọ ti wá, ó pè é ní Benzin. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí "benz" yẹn, nítorí ó máa yé ẹ̀yin tí olùkọ́ ti gé orúkọ yín kúrú rí. Lárúbáwá ni wọ́n ń pe oje igi náà ní "lubān jāwī", ìyẹn tùràrí Java. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ará Yúróòpù, wọ́n rò pé "lu" iwájú rẹ̀ kì í ṣe ara orúkọ, wọ́n gé e sọnù. Ó ku "benjawi", ó di "benjoin", ó di "benzoin". Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbọ́ benzene, orúkọ tùràrí tí wọ́n gé lórí lẹ ń gbọ́ yẹn.

Kò tán síbẹ̀. Justus von Liebig, àgbà onímọ̀ ní Jámánì, ní òun ò fẹ́ Benzin, ó yí i padà sí Benzol, nítorí pé "ol" ń rán wọn létí òróró. Títí dòní, Benzol ni àwọn ará Jámánì ń pè é, tí ẹ bá sì dé ilé epo wọn tí ẹ sọ pé Benzin, pẹtiróòlù ni wọn ó ta fún yín. Ní ilẹ̀ Faransé, Auguste Laurent ní kí wọ́n jẹ́ kó máa jẹ́ "phène", láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa tàn, nítorí pé inú gáàsì fìtílà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Wọn ò gbà fún Laurent. Ẹ má gbàgbé phène yẹn o. A ó padà sórí rẹ̀.

Ó dà bí ìkómọjáde wa, àbí? Bàbá bàbá sọ tirẹ̀, ìyá ìyá sọ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wá láti Ìbàdàn ju owó sínú omi, ó sọ tirẹ̀. Kò burú bí gbogbo wọn bá wà nínú ilé kan náà tí wọ́n mọ ọmọ náà lójú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dé ìlú òkèèrè tí àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ń kà á sí ọmọ mẹ́ta, wàhálà dé. Bó ṣe rí fún àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì nìyẹn. Ní ọdún 1861, August Kekulé kọ ìwé kan, ó sì to ọ̀nà 19 tí àwọn èèyàn ń gbà kọ acetic acid sílẹ̀ jọ. Acetic acid kò ju ohun tó ń mú fínígà kan lọ. Ohun kan ṣoṣo, ìkọsílẹ̀ 19.

Ibi tí Woolwich tún ti wọlé nìyí. Nígbà tí Faraday fi iṣẹ́ olùkọ́ níbí sílẹ̀, Frederick Abel ló gba ipò rẹ̀ ní ọdún 1852. Ọmọ Woolwich gan-an ni Abel, ibí ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1827. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Royal College of Chemistry, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1845, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ sì ni August Wilhelm Hofmann, ọmọ Jámánì. Hofmann yìí, ọ̀gá Abel, ló gbé ètò gidi kan kalẹ̀ fún orúkọ ní ọdún 1866.

Ohun tí Hofmann sọ ni pé: ẹ jẹ́ kí orúkọ sọ iye kábọ̀nù tó wà nínú nǹkan, kí ìparí orúkọ sì sọ irú ẹbí tó jẹ́. Ó ní fún àwọn tó jẹ́ kábọ̀nù àti háídrójìn nìkan, kí a lo fáwẹ̀lì a, e, i, o, u ní tẹ̀ léra. Èyí tí háídrójìn rẹ̀ kún, kó parí sí "-ane". Bí háídrójìn méjì bá dín, "-ene". Bí méjì mìíràn bá tún dín, "-ine", èyí tó di "-yne" nígbà tó yá. Ó pe èyí tó ní kábọ̀nù kan ní methane, méjì ní ethane, mẹ́ta ní propane. Ẹ̀kẹrin ló pè ní quartane, ṣùgbọ́n wọn ò gba ìyẹn. Butane ló borí, nítorí acid kan tí wọ́n rí nínú bọ́tà tó ti bàjẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1892, onímọ̀ kẹ́mísírì 34 láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Yúróòpù pàdé ní Geneva láti fẹnu kò. Ọ̀kan nínú wọn ni Henry Armstrong, ọmọ Lewisham, ìtòsí wa níbí. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni ìpìlẹ̀ èyí tí wọ́n ń kọ́ yín ní A-level. Láti ọdún 1919, ẹgbẹ́ IUPAC ló wá ń bójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àgbáyé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ. Mo fẹ́ fi han yín pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Bí mo bá sọ fún yín pé ẹnì kan ń jẹ́ Ìdòwú, kí lẹ mọ̀? Ẹ ò rí i rí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìbejì ló wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Àlàbá, ẹ mọ̀ pé Ìdòwú ti wà. Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá: orúkọ mẹ́rin tó tẹ̀ léra, tí ẹnikẹ́ni kò lè yí ipò wọn padà. Methane, ethane, propane, butane: mẹ́rin náà ni, kábọ̀nù 1, 2, 3, 4. Ẹ kọ́ wọn sórí bí ẹ ṣe kọ́ ti ìbejì sórí. Láti ẹ̀karùn-ún lọ, nọ́ńbà ni wọ́n ń kà lédè Gíríìkì: pentane 5, hexane 6, heptane 7, octane 8.

Èyí tó kàn ni ẹbí. Nílé wa, iwájú orúkọ la ti ń mọ ìdílé. Àyánwálé, Àyándélé, Àyánkúnlé, ẹ ti mọ̀ pé ilé onílù ni. Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ. Ifáṣọlá, ilé onífá. Ní kẹ́mísírì, ẹ̀yìn orúkọ ni ìdílé wà. "-ane" ni àwọn tí ìdè ẹyọ kan ló so kábọ̀nù wọn pọ̀. "-ene" ni àwọn tí ìdè méjì wà láàárín kábọ̀nù méjì níbì kan. "-ol" ni ìdílé ọtí, ìyẹn àwọn tí ọ́síjìn kan àti háídrójìn kan so mọ́ lára kábọ̀nù. "-oic acid" ni ìdílé àwọn tó kan bíi fínígà.

Ẹ wá tú ethanol wò. "Eth", kábọ̀nù méjì. "An", ìdè ẹyọ kan. "Ol", ìdílé ọtí. Ẹ ti rí gbogbo rẹ̀ láìṣe pé ẹ fojú kàn án. Ethanol ló wà nínú ẹmu, bíà àti ògógóró.

Ẹ tún wo èyí tí èmi ń lò lójoojúmọ́ láti nu ara aláìsàn kí n tó gún un lábẹ́rẹ́: propan-2-ol. "Prop", kábọ̀nù mẹ́ta tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. "Ol", ìdílé ọtí. Nọ́ńbà 2 ni nọ́ńbà ojúlé: ara kábọ̀nù kejì ni apá ọtí náà so mọ́. Bí ó bá jẹ́ ara kábọ̀nù ìpẹ̀kun ni, yóò di propan-1-ol, ohun mìíràn nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kò fi ṣeé yọ. Bí ẹ bá sì rí isopropyl alcohol lára páálí, ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú, inagijẹ propan-2-ol ni.

Bí okùn kábọ̀nù bá yọ ẹ̀ka, ẹ wá okùn tó gùn jù kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ìyẹn ni ilé. Ẹ̀ka ni ọmọ tó so mọ́ ilé. Ẹ ka nọ́ńbà láti ìpẹ̀kun tó sún mọ́ ẹ̀ka jù. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kò sí ẹni tó gbé òwe náà lọ sí Geneva, ṣùgbọ́n òfin wọn nìyẹn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kí ló kàn mí? Mi ò ṣe kẹ́mísírì." Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Òde-Ìrèlè.

Òde-Ìrèlè wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀ lójijì. Orí á máa fọ́ wọn, ojú á ṣú, wọn ò ní ríran mọ́, wọn á dákú, láàárín ọjọ́ kan wọ́n ti lọ. Ó ju èèyàn 15 tó kú lọ. Ìbẹ̀rù gba ìlú kan. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àwọn kan ní Ebola ti padà dé. Àjọ ìlera àgbáyé pàápàá kọ́kọ́ rò pé oògùn apakoríko ni. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, methanol ni wọ́n bá. Inú ògógóró tí wọ́n mu ló wà. Ní ọdún yẹn kan náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers.

Ẹ wo orúkọ méjèèjì. Ethanol. Methanol. Ìdílé kan náà, "ol" ló gbẹ̀yìn wọn. Omi aláìláwọ̀ ni méjèèjì, òórùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ẹni tó bá ń mu ún kò lè fi ẹnu mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Lẹ́tà "m" iwájú yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ tí ojú lè rí, ohun tó sì ń sọ ni pé kábọ̀nù kan ló wà níbí dípò méjì.

"Meth" yẹn náà ní ìtàn. Àwọn ará Faransé méjì, Dumas àti Péligot, ló dá a sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1830, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ọtí wáìnì àti igi. Ìdí ni pé igi ni wọ́n ń sun, tí èéfín rẹ̀ ń di omi, kí wọ́n tó rí methanol. Bí ó bá dé inú ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di formic acid. "Formica" ni èèrà lédè Látìn, nítorí pé ara èèrà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí acid yìí. Oró èèrà ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà yẹn, iṣan ojú ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú àwọn ará Òde-Ìrèlè fi ṣú.

Ọ̀kan nínú ohun tí dókítà lè fi wo ẹni tó mu methanol ni ethanol, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń bá ethanol jà, kò ní ráyè sọ methanol di oró, ara á sì rọra máa tì í jáde. Oògùn mìíràn tún wà tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, fomepizole. Ọsibítù nìkan ni wọ́n ti ń ṣe èyí o, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lọ gbé ìgò ọtí nílé pé nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú ni pé dókítà tó bá mọ orúkọ ló mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí ohun tó ń pa wọ́n ní Òde-Ìrèlè kò ní ju "àìsàn àràmàǹdà" lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ò fi àwọn tó ní òrìṣà ló ń bínú ṣe yẹ̀yẹ́. Faraday pàápàá sọ nǹkan lórúkọ tí kò tọ́, pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan dúró wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo mú nínú ìtàn náà nìyẹn.

Ó ku Màmá Houston.

Ẹ rántí phène, orúkọ Laurent tí wọn ò gbà? Kò kú. Wọ́n kọ̀ ọ́ fún benzene fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó sára àwọn ọmọ benzene. Bí benzene bá so mọ́ nǹkan mìíràn, phenyl ni wọ́n ń pè é. Bí benzene bá gbé apá "-ol" lọ́wọ́, ó di phenol. Ara phenol yìí ni wọ́n ti kọ́ oògùn tí Màmá Houston lò. Orúkọ rẹ̀ gígùn nígbà àtijọ́ ni para-acetylaminophenol. "Para" ń sọ pé apá méjì tó so mọ́ òrùka benzene kọjú sí ara wọn, bí ẹni méjì tó jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì kan náà. "Acetyl" wá láti ìdílé fínígà. "Amino" ń sọ pé náítrójìn wà níbẹ̀. "Phenol" ni òrùka Faraday, tó gbé orúkọ Laurent.

Orúkọ yẹn gùn jù láti kọ sára páálí. Ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì bá ṣa para, acet, am àti ol, wọ́n so wọ́n pọ̀, ó di paracetamol. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣa acet, amino àti phen, ó di acetaminophen. Inú orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ti gé tiwọn.

Mo pe Màmá Houston lórí fóònù, mo ní, "Màmá, mo ti rí ìdáhùn yín. Ẹ rántí Olúwafúnmiláyọ̀, ọmọ yín? Ní ilé yín, Fúnmi lẹ ń pè é. Ní ilé wa, Láyọ̀ la ń pè é. Bí ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n bá se oúnjẹ fún Fúnmi, tó tún se fún Láyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni yóò jẹ ẹ́, inú á sì run ún." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn? Kí ló dé tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún?" Mo ní, "Màmá, ìbéèrè tí Fúnmi náà máa ń bi àwọn olùkọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ kó gbogbo oògùn ilé jáde, pàápàá èyí tí àwọn òbí gbé wá láti Èkó tàbí Amẹ́ríkà. Ẹ má wo orúkọ ńlá iwájú páálí, orúkọ ọjà nìyẹn. Ẹ wo lẹ́tà kékeré abẹ́ rẹ̀. Paracetamol, acetaminophen, Panadol, Tylenol: ọmọ kan ni. Ọ̀pọ̀ oògùn òtútù àti ikọ́ ní in nínú pẹ̀lú. Ẹ má lo méjì pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti lò ó kọjá bó ṣe yẹ, ẹ má dúró kí ara ro ó kí ẹ tó lọ sí A&E. Bí nǹkan ò bá sì dá yín lójú, ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn, tàbí kí ẹ pe 111. Kì í ṣe ìtìjú.

Àwọn òbí wa mọ bí a ṣe ń ka ìtumọ̀ orúkọ. Ẹ̀yin mọ bí a ṣe ń ka Gẹ̀ẹ́sì ara páálí. Ilé tí ọgbọ́n méjèèjì bá ti pàdé lórí tábìlì kan, ohun tó ṣe Màmá Houston kò ní ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Oorun ti ń kùn mí o. Ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún sísàlẹ̀ fún mi, kì í ṣe gégé o, kí ẹ sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe màmá yín. Ó dìgbà kan ná.